Ọjọ́ Tí Télọ̀ Lọ Wo Ópẹ́rà ní Sinimá

Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún Télọ̀ lọ́nà ọ̀fun, Ohùn Iyọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń fi orin jẹun o. Kóòtù àti ṣòkòtò ọkùnrin ló ń rán, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ilé tó ń gbé. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ ìránṣọ, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, orin dé nìyẹn. Àwọn oníbàárà mìíràn á ní aṣọ àwọn ò kánjú, torí kí wọ́n lè jókòó díẹ̀ sí i. Obìnrin kan tó ń gbé lókè a máa ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ nínú òtútù, a ní ooru ló ń mú òun.

Nígbà tí kókó hù sí i lọ́fun, dókítà sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: bí wọn ò bá gé e, yóò pa á. Wọ́n gé e. Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ àwọn dókítà, Télọ̀ yè é. Àmọ́ ohùn tó kù fún un kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí lọ, ó ha, ó sì tètè ń rẹ̀ ẹ́. Ó ṣì lè sọ̀rọ̀. Orin ni kò lè kọ mọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ilé náà fúnra rẹ̀ yóò dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tí kì í lè fọ àwo láìkọrin, bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu mọ́ nígbàkígbà tí ọkọ rẹ̀ bá yọ sí ilé ìdáná. Rédíò inú ṣọ́ọ̀bù di ohun tí wọ́n ń kó aṣọ tí wọ́n gé kù lé lórí. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ń wá kí i, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ orin. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó fẹ́ràn òun pé kó yéé ṣàánú òun. Bí ilé ṣe rí nìyẹn fún ohun tó lé lọ́dún kan.

Ọmọ wọn obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé sinimá. Òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó jókòó tì wọ́n nídìí tábìlì, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní: "Bàbá mi, ẹ̀yin àti màmá mi, ẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé. Mo ti gba àyè sílẹ̀ fún yín."

"Kí lẹ fẹ́ fi hàn wá?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ópẹ́rà ni. Eré àtijọ́ tí wọ́n ti ń ṣe lórí ìtàgé kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa. Orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ti wá sọ ọ́ di fíìmù."

Ìyá ṣẹ́jú sí i, kò rí i. Ló bá na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kóun fi ta á lólobó, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló gbá. Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Màá lọ," ó ní.

Nígbà tí Sátidé dé, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó wé síkáàfù mọ́ ọrùn kí ojú àpá má baà hàn. Èrò ò pọ̀ nínú sinimá náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí àárín gbùngbùn, iná kú, eré bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn náà kò le. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò. Obìnrin kan náà ni àwọn méjèèjì ń fẹ́, àbúrò ni obìnrin náà sì yàn. Ẹ̀gbọ́n fi ìbínú sọ ọ̀rọ̀ kan níbi tí kò yẹ kó ti sọ ọ́. Ẹnìkan tó ń wá ojúure rẹ̀ gbọ́, ló bá lọ gún àbúrò lọ́bẹ. Télọ̀ ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọrin náà rárá. Wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó fi pa kíkà tì, torí ojú àwọn èèyàn náà ti ń sọ gbogbo ẹ̀.

Ní ti ìyàwó rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń kà. Níbi tí wọ́n ti gún àbúrò, tó ṣubú lulẹ̀, tó tún wá gbé orin, tí orin ọ̀hún ò sì tán bọ̀rọ̀, ó tẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí.

"Bàbá wọn, ṣebí wọ́n gún ọkùnrin yìí lọ́bẹ ni?"

"Wọ́n gún un."

"Níkùn?"

"Níkùn."

"Ó wá ń kọrin! Kó yáa tọ́jú èémí tó kù yẹn, kí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù."

Ẹ̀rín gbá Télọ̀ mú. Kò lóhùn, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń mì tìtì, àga ń bá a mì. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà níwájú wọn yíjú padà láti bá wọn wí, ó rí bí wọ́n ṣe fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ iléèwé, lòun náà bá rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Télọ̀ ò rántí ìgbà tó rí ọkọ rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n dé. Ó gbé àbúrò rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń wà á lọ sílé, orin tó ń kọ kò sì pariwo rárá. Ká ní orí ìtàgé ni, ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè má rí ju ọkùnrin kan tó ń ju apá lọ. Ṣùgbọ́n fíìmù lèyí. Wọ́n gbé ojú ọkùnrin náà sún mọ́ wọn débi pé ọrùn rẹ̀ nìkan kún ògiri. Télọ̀ rí bí iṣan ọrùn náà ṣe le, ó rí òógùn lẹ́bàá etí, ó rí gògóńgò tó ń gòkè tó ń sọ̀, ó rí ibi tí olórin náà ti jí èémí fà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Iṣẹ́ ni. Ara Télọ̀ mọ iṣẹ́ náà. Kó tó mọ̀, ó ti tú síkáàfù, ó ti fọwọ́ lé àpá ọrùn rẹ̀, ó sì ń bá ọkùnrin náà mí.

Ẹ̀rù ti ń bà á tipẹ́ pé bí òun bá tún gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, inú á bí òun. Inú ò bí i. Ọ̀sán ọjọ́ òjò ló rántí, ṣọ́ọ̀bù tó kún fún àwọn tí kò fẹ́ lọ, àti ọmọ òun yìí ní kékeré, tó ń sùn lórí òkìtì aṣọ bí òun ṣe ń kọrin fún un. Ó rí i pé láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, bí ẹni tí wọ́n jà lólè lòun ti ń ṣe. Ta ló jà á lólè? Wọ́n fún un lóhùn, ó sì lò ó. Kò tì í mọ́ inú àpótí. Ó lò ó títí irun rẹ̀ fi funfun. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ni. "Ṣé ká máa lọ?"

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rárá o. Ọpẹ́ ni mò ń dá."

Nígbà tí iná tàn, ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Látàárọ̀ ni mo ti ń rò ó bóyá mi ò ṣe àṣejù."

Télọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí bí ìgbà tó wà ní kékeré. "O ṣeun, ọmọ mi," ó rọra fa ọ̀rọ̀ náà jáde. "Àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe irú ẹ̀ fún ọ."

"Àmín o," ìyá rẹ̀ ní. "Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá dókítà fún ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ná."

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó ń fọ àwo nígbà tí Télọ̀ wọlé bá a, ó sì panu dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Télọ̀ mú aṣọ ìnu-àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwo.

"Ìyá wọn, ilé yìí ti dákẹ́ jù. Kọrin."

"Èmi? Mo rò pé ó máa ń dùn yín ni."

"Èyí tí o kì í kọ mọ́ yẹn ló ń dùn mí."

Obìnrin náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ká sòótọ́, kò lóhùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ibi tó yẹ kí orin náà ti gòkè, ibẹ̀ ló ti máa ń yà gba ọ̀nà ibòmíràn. Ó tún yà. Télọ̀ di àwo mú, ó dijú, bí ẹni tí wọ́n ń fi oyin sí lẹ́nu.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Àwọn àárọ̀ kan ṣì wà tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, tí yóò la ẹnu, tí yóò wá rántí, tí ara rẹ̀ ò ní yá gágá mọ́ títí ọjọ́ á fi lọ. Àmọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin tún wá kí i, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ orin tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ kóun gbọ́. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n wá gbé e, níbẹ̀ láàárín àwọn kóòtù tó fi kọ́. Ní báyìí, ó ti padà sáàárín wọn. Ọwọ́ ló fi ń júwe ibi tí wọ́n á ti mí fún wọn.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ò sì yéé lọ sí sinimá. Bí wọ́n bá ti gbé ópẹ́rà mìíràn dé, ọmọ wọn á ránṣẹ́ sí wọn. Nínú ọ̀kan tó gùn gan-an, ìyàwó rẹ̀ sùn lọ fọnfọn, àfi ìgbà tí obìnrin kan figbe orin bọnu lójijì. Ó ta jí.

"Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú," Télọ̀ dá a lóhùn, ó fà á mọ́ra. "Máa sùn. Màá jí ọ."