Abẹ́rẹ́ Tó Ṣẹ́ Nígbà Ìsinmi

Ọdún mọ́kànlá ni màmá mi fi rán aṣọ iléèwé ọmọdé nílé-iṣẹ́ kan. Wọn ò lọ ìsinmi rí. Ìwé ló sọ pé wọ́n lọ. Lọ́dọọdún, ọ̀gá tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ á gbé fọ́ọ̀mù ìsinmi wá sídìí ẹ̀rọ, àwọn ìyá òṣìṣẹ́ á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì máa ránṣọ lọ. Ẹni tó bá kọ̀, kó má padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yìn ọ̀gá yìí ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹ̀rín-ò-dénú.

Nígbà tí ojú màmá mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé òfin ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ń lọ gba owó gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí kò lò.

"Ta ló máa lọ béèrè owó ọ̀hún? Ọwọ́ ara mi ni mo fi sáìnì. Tí wọ́n bá pe ọlọ́pàá sí mi ńkọ́?"

Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, abọ́ á bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí a wá lọ béèrè owó náà nílé-iṣẹ́, Ẹ̀rín-ò-dénú to fọ́ọ̀mù mọ́kànlá sórí tábìlì.

"Màmá, ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ẹni tó jẹun tán kì í tún béèrè oúnjẹ ọ̀hún. Àbí ikùn méjì lẹ ní?" Ó wò mí. "Àbí ọmọ yín tó kàwé ló ń tì yín? Ẹ̀wọ̀n ń bẹ nídìí irọ́ o."

Màmá mi di apá mi mú. Èékánná wọn wọ̀ mí lára. Ohùn wọn wá jáde, tín-ín-rín:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣí ìwé abẹ́rẹ́."

Níbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wá gbogbo ẹ̀rún rẹ̀, kí ó má baà kù sínú aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, wọ́n á kọ orúkọ àti déètì, Ẹ̀rín-ò-dénú fúnra rẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Àwọn oníbàárà máa ń yẹ ìwé náà wò, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè ya ojú ewé kankan kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ. "Ìwé ọ̀hún ò sí nítòsí."

"Ó wà lẹ́yìn yín, sà," ni màmá mi wí. Mo mú un, mo ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́ọ̀mù náà.

Abẹ́rẹ́ mẹ́tàdínlógún ni màmá mi ṣẹ́ láàárín àwọn ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ní wọ́n wà nílé. Kò sí ọdún kan tí kò ní tirẹ̀.

Mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. "Ọwọ́ ta nìyí?"

Ẹ̀rín-ò-dénú fa bírò yọ. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n san owó gbogbo ọjọ́ náà, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé géètì, kí ẹ̀ṣọ́ tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti ṣí báàgì wọn, wọ́n ti na apá méjèèjì sókè kí ó yẹ̀ wọ́n wò, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá.

Mo ní, "Màmá, ẹ sọ apá yín kalẹ̀."

Wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀.