Àpótí Tí Kò Ní Àgádágodo

Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí ẹni pé kò sí òmíràn. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ayùn ti gé ìdajì àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Kò pariwo lọ́jọ́ náà. Ó fi àkísà di ọwọ́, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí ẹ̀jẹ̀ má ba pákó jẹ́.

Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, ìfági tó fi ń fá pákó kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àtàǹpàkò àbọ̀ kò dé ibi tó yẹ kó ti dì í mú. Ó bá gbẹ́ ihò kékeré sára èèkù ìfági náà, ihò tó ṣe wẹ́kú ọwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni pákó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ilé iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé. Wọ́n fún wọn ní ìwé kan àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ọdún méjì ti kọjá lórí ìyẹn. Káfíńtà ń tún àga tó yẹ̀ ṣe fún aládùúgbò, ó ń gbé ilẹ̀kùn tó wọ́ dìde. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ló ń gbé ilé ró.

Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó gbàgbé ẹni tó jẹ́. Pákó pupa ló fi ṣe é. Kò kan ìṣó kan ṣoṣo sí i. Ẹnu pákó kan ló fi bọ inú òmíràn. Àràárọ̀ ló ń fi epo nu ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò ní àgádágodo. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un pé, "Káfíńtà tó bá gbé àpótí rẹ̀ fún ẹlòmíì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló gé fún un." Ọgbọ̀n ọdún ni kò fi gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ẹgbẹ́ àdúgbò pe àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń wá iṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ọjà iṣẹ́ ni àwọn èèyàn ń pè é. Àwọn ọ̀gá á jókòó sídìí tábìlì, àwọn tó kù á tò wá bá wọn.

"Ọjà tí èèyàn ti ń ru ara ẹ̀ lọ tà," ni alásè kan wí lórí ìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná mi ní pọ̀ọ́kú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni Ẹnudùn, tó dúró lẹ́yìn Káfíńtà gan-an. Àbúrò ìyàwó Káfíńtà ni. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà, Káfíńtà ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n àtọdún tó kọjá ló ti ta ayùn, ó ta òòlù, ó ta ìfági. Ó ti ta irinṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ku ẹnu.

Tábìlì kan ṣoṣo ló ń wá káfíńtà, ẹyọ kan péré ló sì ń wá. Opó arúgbó kan tó ń ṣe àga àti tábìlì fún àwọn ilé ìwé ló ni ín. Màmá Aláàga ni wọ́n ń pè é.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí ọkùnrin ẹnu ọ̀nà kígbe pé fọ́tò méjì-méjì ni kí oníkálukú mú dání. Ọ̀kan ni Káfíńtà mú wá.

"Bọ̀dá, ẹ sáré lọ," ni Ẹnudùn wí. "Onífọ́tò ò jìnnà. Màá tọ́jú àyè yín."

"Àpótí ńkọ́?"

"Ẹ ó wá gbé ìyẹn sáré? Ẹ fi í sílẹ̀ kó di àyè yín mú. Ṣebí èmi ni mo wà níbí."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí ìlà nìyẹn: ẹrù ẹni ni ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ yà á fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tì í kúrò. Káfíńtà wo àpótí, ó wo àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ.

Obìnrin kan ti wà lọ́dọ̀ onífọ́tò, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò sì fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí Káfíńtà fi máa padà, kò rí àpótí, kò rí Ẹnudùn.

"Wọ́n ti wọlé tipẹ́," ni alásè wí. "Àbúrò yín gbé àpótí lé èjìká bí ẹni tó jogún ilé."

Kò pẹ́ tí Ẹnudùn jáde. "Bọ̀dá, ẹ pẹ́ o. Wọ́n ní ẹrù ò lè dá dúró, mo bá gbé e dání. Òun rèé."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Wọ́n gbọ́ tẹnu mi. A máa rí i."

Ó kọjá lọ. Kò dá àpárá kankan. Èyí ló kọ́kọ́ ya Káfíńtà lẹ́nu.

Nígbà tó wọlé, ọ̀dọ́bìnrin akọ̀wé kan ló bá nídìí tábìlì, ó ń ká aṣọ orí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. A ti rí káfíńtà. Màmá ti lọ sílé."

"Kíákíá báyìí?"

"Màmá kì í wo ìwé. Irinṣẹ́ èèyàn ni wọ́n ń wò. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé àpótí pupa kan wá..." Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ Káfíńtà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó jọ èyí."

"Kí ni Màmá sọ?"

"Wọ́n mú ìfági, wọ́n ti àtàǹpàkò wọn bọ ihò kan lára ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó gbẹ́ èyí mọ ọwọ́ ara ẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé òun ló gbẹ́ ẹ. Ó ní òun ni."

Káfíńtà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi fọ́tò tuntun náà sápò àyà ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ẹnudùn? Bóyá akọ̀wé yẹn ò gbọ́ dáadáa."

"Ó gbọ́."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Màá lọ bá Màmá lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹ ó lọ dójú ti ọmọ mi níta gbangba?"

Ọmọ mi ló wí. Kò wí pé àbúrò mi. Káfíńtà gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Ẹnudùn dé. Ó kúnlẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ta ló máa gbà yín? Iṣẹ́ yìí ì bá bọ́ sọ́wọ́ ará ìta, ó bọ́ sílé wa. Wọ́n ní kí n mú irinṣẹ́ yẹn wá lọ́la. Ẹ kàn yá mi lóṣù kan."

"O ti yá a lánàá. O ò tọrọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ìyàwó Káfíńtà ń wo òwú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Àpótí yẹn á dé ọ̀dọ̀ Màmá lọ́la," ni Káfíńtà wí. "Ọwọ́ tó ni ín ló máa gbé e débẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Ojú ibi tí àpótí máa ń wà mọ́ kedere láàárín eruku.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mo gbé e fún un nígbà tí ẹ wà ní balùwẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ní, Bàbá wọn. Tiwa ti dàgbà. Ẹ̀yin ní èmi. Ta ni òun ní?"

"Ìwọ lo gbé e fún un."

"Èmi ni."

Ìdáhùn kan náà ni Ẹnudùn fún Màmá. Ti ìyàwó rẹ̀ ṣáà jẹ́ òótọ́.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé iṣẹ́ Màmá Aláàga. Ó bá Ẹnudùn lórí pákó, òógùn bò ó, ìfági ń ta pọ́n-ún, ó ń ya pákó jẹ. Màmá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé àyà.

"Ìfági ẹ ń kọ̀ ọ́ lónìí."

"Pákó yìí ló le, Mà."

"Irú ẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ń fá." Ó gbójú sókè. "Ta lẹ̀ ń wá, Bàbá?"

"Ìfági mi ni, Mà."

"Bọ̀dá mi ni, Mà," ni Ẹnudùn yára wí. "Wọ́n kàn wá kí mi ni."

Màmá ti rí àtàǹpàkò àbọ̀ Káfíńtà. "Ẹ gbà á. Ẹ fá a."

Káfíńtà ti ọwọ́ bọ ibi tó gbẹ́ fún un. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan. Èéfá pákó jáde lọ́já gígùn, ó fẹ́lẹ́, ó ká ara rẹ̀ jọ sílẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ni Màmá wí fún Ẹnudùn.

"Mà, ẹbí kan náà ni wá."

"Máa lọ sílé."

Ẹnudùn dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Bọ̀dá, kí ni mo máa sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bó o ṣe rí i ni kó o sọ ọ́."

Màmá dúró kí ó lọ tán. "Kí ló dé tí ẹ ò pariwo níbi ọjà iṣẹ́?"

"Àbúrò ìyàwó mi ni, Mà. Ìyàwó mi ló pọ̀n ọ́n."

"Ta ló wá gbé àpótí fún un láàárọ̀ yìí?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́ pákó. Màmá kò bi í mọ́. Ó ní kó fá pákó méje tó kù, kó máa bọ̀ lọ́la.

Nígbà tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó yà ra àgádágodo kékeré kan. Ó jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, ó gbé irin ìkọ́ rẹ̀ lé ìdérí àpótí, ó mú òòlù. Àpótí tí kò ní ìṣó kan lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan mẹ́rin sí i.

Ìyàwó rẹ̀ ti bo oúnjẹ sórí tábìlì. Ojú rẹ̀ wú. Ẹnudùn ti dé ibẹ̀ lọ́sàn-án.

"Bàbá wọn, ṣé èmi lẹ̀ ń ti àpótí mọ́ báyìí?"

Ó kan ìṣó kẹrin wọlé.

"Oúnjẹ ń tutù."

"Mo gbọ́."

Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fa àgádágodo wò. Ó dì mú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò àyà, níbi tí fọ́tò ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣì wà, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.