Ẹni Tó Kẹ̀yìn sí Ijó Mi

Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ijó ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín nígbà náà ti pọ̀ tó.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ní agbo ilé oníbàtá. Ìyá mi ni olórí ijó àwọn obìnrin ilé wa. Bí ọdún eégún bá dé, òun ni í kọ́kọ́ jó jáde kí obìnrin kankan tó gbẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé wa kì í tíì rìn tán tí wọ́n fi ń kọ́ ijó. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n mú mi lọ fún ìyá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, kí n lè máa bá a rànwú. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ ni mo lọ́kọ sí, ahunṣọ sì ni ọkọ mi. Ìró òfì ló yé mi, ìró bàtá ò yé mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n mú ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo di ẹrù mi. Mo gba Tẹ̀dé kọjá, mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi.

Ó ti darúgbó. Ó dì mọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìwọ nìkan ló kù mí kù. Bí o ò bá jó, ta ni n ó fa ṣaworo mi lé lọ́wọ́?"

Ṣaworo ni àwọn idẹ wẹẹrẹ tí a tò sára awọ, tí oníjó ń dì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Bó bá gbẹ́sẹ̀, á ró. Bó bá dúró, á dákẹ́. A kì í sì í fún èèyàn ní ṣaworo lásán nílé wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ jó lójú agbo ilé níwájú àwọn àgbà, kí ọdún tó wọlé. Olórí ijó ló ń dán an wò, àmọ́ kì í wò ó rárá. Á gbé àpótí rẹ̀, á jókòó, á kẹ̀yìn sí oníjó, á dojú kọ ògiri. Etí ló fi ń gbọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n ní ojú máa ń ṣojúsàájú. Ojú á rí ọmọ ẹni, á rí arẹwà, á rí aṣọ tuntun. Etí ò mọ gbogbo ìyẹn. Bí ijó bá parí, yálà kó ní, "Ó tó," tàbí kó ní, "Ó kù díẹ̀." Kò sí àlàyé, kò sì sí ẹ̀bẹ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ tí ọyàn wọn ò tíì yọ la jọ ń kọ́ ọ láràárọ̀, ṣaworo àyálò lẹ́sẹ̀ wa. Ìjókòó rírànwú ti mú orúnkún mi gan. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá àgbà, ẹ rọra o, kí eegun yín má lọ yẹ̀!"

Mo ní, "Eegun ìyá rẹ ni yóò yẹ̀!"

Ìyá mi ní, "Ẹnu rẹ yá ju ẹsẹ̀ rẹ lọ." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo sì tún rẹ́rìn-ín.

Mo mọ àwọn ìgbésẹ̀ náà nígbà tó yá. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìdúró. Ibì kan wà tí bàtá ń dákẹ́ lójijì, gbà! Ṣaworo gbọ́dọ̀ bá a dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tèmi kì í bá a dákẹ́. Bí ìlù bá ti dúró, ẹsẹ̀ òsì mi á tún ró ṣin, bí ọmọ tí wọ́n ní kó panu mọ́ tó ṣì ń kùn.

Ọdún àkọ́kọ́, ìyá mi kẹ̀yìn sí mi, mo jó. "Ó kù díẹ̀." Mo gbà. Ọdún kejì, mo jó títí òógùn wọ̀ mí lójú. "Ó kù díẹ̀." Háà! Mo bínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mo gbé ọkà bàbà síwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n ò kí i.

Mo ní, "Ìyá mi, ọmọ yín mà ni mí!"

Ó ní, "Ìdí tí mo fi kẹ̀yìn sí ọ nìyẹn." Ó fọwọ́ bu ọkà, ó ń jẹ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń lu ìyáàlù bàtá, ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó máa ń sọ pé, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Mo fẹ́ gbọ́ "ó tó" yẹn lẹ́nu ìyá mi ju bí mo ṣe fẹ́ ṣaworo fúnra rẹ̀ lọ. Mo sì rí i pé ara rẹ̀ ń gbó. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ kí n tó gbọ́ ọ.

Àárín ìgbà náà ni lúkúlúkú wọ̀lú, àìsàn ikọ́ òun ibà tó gba ilé kiri. A sin èèyàn títí omijé gbẹ lójú wa. Ó dá ìyá mi dùbúlẹ̀ pẹ̀lú. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó dìde. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í dá mi lóhùn mọ́. Bí mo bá sì ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu mi ló ń wò. Mo rò pé ó ṣì ń bínú pé n ò kí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni.

Ọdún tún kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà tó kù nílẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ. Ìyá mi gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó kẹ̀yìn sí mi. Ìlù dún, mo bọ́ sójú agbo. N ò tíì jó dé ìdajì tí awọ ẹsẹ̀ òsì mi fi já. Ṣaworo fò bọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ dúró, àbúrò ìyá mi fojú sọ fún mi pé kí n máa jó lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló wá ń ró, òsì dákẹ́ bí òkú. Ìdààmú bá mi. Nígbà tí ìlù dúró, mo kọsẹ̀, ṣaworo ró ṣìn-ṣìn-ṣìn lẹ́yìn ìlù. Adití nìkan ni kò ní gbọ́ ọ.

Ìyá mi jókòó, kò mira. Ó pẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tó lọ fọwọ́ kàn án léjìká.

Ìyá mi gbórí sókè, ó ní, "Ó tó."

Ìyàwó ilé kan ń fi etí aṣọ nu ojú. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. Ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ mi láti fọwọ́ bà mí ní ṣaworo, bí a ti ń ṣe. Ó bá ti ọ̀tún. Ó wá ti òsì, kò bá a. Ó wo ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó gbójú sókè, ó wo ojú mi, ó sì yíjú kúrò. Ìgbà náà ló yé mi pé lúkúlúkú ti dí i létí. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ohun tí mo ti ń sunkún fún ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, n ò sì mọ ohun tí n ó fi ṣe.

Àwa méjèèjì ò sọ ọ́ rí. Mo jó ṣíwájú lọ́dún yẹn, wọ́n yìn mí, ìyìn náà ò wọ̀ mí létí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, kò lè dìde mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n di ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, kí ilẹ̀ lè sọ ìró ẹsẹ̀ mi fún un, ó ń fi ìkejì lu itan rẹ̀. "Jó." Mo jó nínú iyàrá náà. Nígbà tó dáwọ́ dúró, mo dúró. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó kù díẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Inú mi dùn, torí ó ti padà di ìyá mi. Mo la ẹnu mi dáadáa kó lè rí i, mo ní, "N ó tún un jó fún yín lọ́la." Ó mi orí pé ó dáa. Ọ̀la ò bá a.

Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, èmi ni mo ṣíwájú. Àbúrò rẹ̀ lu ìlù dé ibẹ̀ yẹn, gbà! Ẹsẹ̀ mi méjèèjì dúró. Ṣaworo dákẹ́ pẹ̀lú ìlù, kò kùn rárá. Mo dúró gbọn-in lójú agbo, mo kọjú sí ògiri ibi tí àpótí rẹ̀ máa ń wà, mo ń retí ohùn rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Mo ṣì ń retí.