Don Hermógenes Fẹ́ Jókòó Létí Fèrèsé

Inú ṣì ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni Don Hermógenes Ulloa fi wa ẹ̀rọ ọkọ̀ òkè wa ní Valparaíso ní Chile, ọkọ̀ onígi kékeré méjì tí wáyà irin kan so pọ̀: bí ọ̀kan bá ń gun Òkè Lechuza, èkejì á máa sọ̀ kalẹ̀. Kí ni wọn ò tíì gbé? Aláboyún, pósí, fìríìjì. Àwọn fúnra wọn ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ òkè ni ilé wọn wà, orí òkè ni ẹ̀rọ wà. Láàárọ̀, kò tíì sí ẹni tó máa wà á fún wọn. Tí wọ́n bá ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ náà ti ṣíwọ́ nìyẹn. Àtẹ̀gùn igba ó lé méjìlá, lójoojúmọ́, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Èmi ni mò ń gba owó ọkọ̀ lórí òkè, àwọn ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ. Nígbà tí ìfẹ̀yìntì wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n pè mí.

"Orfelina, mi ò fẹ́ ariwo o. Kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ni kó o wà á. Kí èmi náà jókòó létí fèrèsé, kí n kàn rí bó ṣe máa ń rí."

"Ìyẹn nìkan, Bàbá?"

"Kí ni mo tún ń wá?"

Ohun tí wọ́n bèèrè ò tó nǹkan. Ìyẹn ló ń dùn mí. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ̀yìntì, ló bá kó ayafọ́tò, onífèrè mẹ́rin àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀, nípa ara rẹ̀. Don Hermógenes dúró ti ògiri, wọ́n ń yí fìlà lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Nígbà tó parí, ó na ìwé ìfẹ̀yìntì sí wọn, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ sì rọ́ wọnú ọkọ̀, ó kún fọ́fọ́. Wọ́n fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán nísàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé wa sọ̀kalẹ̀!" ni ọ̀gá wí. "Kí wọ́n lè ya fọ́tò yín lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn, Don Hermógenes dé fìlà wọn, wọ́n sì nawọ́ sí ẹ̀rọ.

Orí mi gbóná. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀.

"Ẹ bọ́ọ́lẹ̀! Gbogbo yín!"

"Orfelina, ṣé orí ẹ pé báyìí?" ni ọ̀gá wí.

"Ó pé ju tiyín lọ! Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ kí n tó wá bá yín níbẹ̀. Ìwọ onífèrè, gbé fèrè ẹ kúrò!"

Wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ń kùn. Mo fa Don Hermógenes lápá wọnú ọkọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Mo rọra ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀ débi pé ìjàpá lè kọjá wọn. Mo rí wọn tí wọ́n fi iwájú orí ti gíláàsì bí ọmọdé. Wọn ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Bí tiwọn ṣe ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kejì ń gòkè bọ̀ lófìfo. Nígbà tí tiwọn gúnlẹ̀ nísàlẹ̀, tí èyí náà dé òkè, ọ̀gá sáré wọ̀ ọ́.

"Ó yá, kíákíá! Oúnjẹ ti ń tutù."

Mo ti ẹ̀rọ pa, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

"Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ yìí ti fẹ̀yìntì, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn níwèé. Àtẹ̀gùn nìyẹn."