Àgádágodo Onínọ́ńbà Tó Wà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Màmá Àgbà

Màmá àgbà wà nínú ilé, èmi wà níta, àgádágodo onínọ́ńbà kan sì wà láàárín wa. Omi odò Ọya ti dé orókún mi.

Kì í ṣe ìkà ló mú kí a máa ti ìyá ìyá mi mọ́lé. Ọjọ́ ogbó ti da gbogbo ọ̀nà rú mọ́ ọn lójú. Bó bá ti jáde, etí odò ló ń gbà lọ, yóò ní oko lòún ń lọ, oko tó ti di igbó kí wọ́n tó bí mi. A lo àgádágodo oníkọ́kọ́rọ́ títí, ṣùgbọ́n kò síbi tí a fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí tí kò rí i. Ìyá mi wá ra onínọ́ńbà, ó fi ń so ṣéènì tí a fi de ilẹ̀kùn irin iwájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nínú gọ́tà ni ní Old Market, àdúgbò wa. Èmi àti ìyá mi kó ẹrù lọ sí Otokiti, níbi tí omi kò dé, lọ́dọ̀ ẹni tó fún wa ní yàrá. A ní ìyá mi yóò tún ibẹ̀ ṣe, èmi yóò padà wá gbé màmá. Ohun tí mo rí láàárọ̀ ni mo fi ṣírò iye àyè tí a ní, odò kò sì bá ìṣírò mi lọ. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi dúró níbi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. "Ruwa," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe omi lédè rẹ̀, ó nawọ́ síwájú bí ẹni pé n kò rí omi náà. Mo fẹsẹ̀ wọ́ ọ délé.

Mo to nọ́ńbà wa. Kò ṣí. Mo tún un tò. Mo pe ìyá mi.

"Nọ́ńbà kan náà ni," ni ìyá mi wí. "Mi ò yí i padà."

"Ṣé màmá mú un lọ́wọ́ láàárọ̀?"

"Ó fi ń ṣeré nígbà tí mo ń fún un lóúnjẹ. Ó wà ní ṣíṣí. Mo kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í, mo yí àwọn nọ́ńbà rú."

Ìlà fóònù já.

Irú àgádágodo yìí, bí ó bá wà ní ṣíṣí, tí ènìyàn yí ọrùn rẹ̀, irin tí a fi ń kọ́ ṣéènì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, nọ́ńbà yòówù tó bá yí sí nígbà náà ni yóò di nọ́ńbà tuntun. N kò ní ẹ̀rí pé ohun tí màmá ṣe nìyẹn. N kò ṣáà rí àlàyé mìíràn.

Òrùka mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́wàá lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún ọ̀nà nìyẹn. Mo fi òkúta lù ú. Ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀, òrùka kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo ju òkúta nù. Mo kígbe bóyá ẹnì kan ṣì wà tó ní ayùn irin. Màmá nìkan ló dáhùn, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní ìlú rẹ̀.

"Òkun o, olè."

Mo rí i láàárín àwọn irin ilẹ̀kùn, ó jókòó lórí ibùsùn tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi.

"Màmá, èmi ni."

"Gbogbo olè ló ń jẹ́ 'èmi ni'."

Lẹ́yìn tí mo ṣe agùnbánirọ̀, tí mo sin ìlú tán, tí iṣẹ́ kò yọjú, mo ti tú irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ wò rí. Ọrùn rẹ̀ ní eyín nínú. Òrùka kọ̀ọ̀kan ní àlàfo kan. Bí àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá to ara wọn, eyín á kọjá. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí kò wọ́n, àwọn òrùka kì í dọ́gba. Bí a bá fa ọrùn rẹ̀ le, ọ̀kan nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ ru ìnira náà, yóò sì le láti yí. Bí a bá rọra yí i, tó bọ́ sí àlàfo rẹ̀, ọrùn á sún díẹ̀, òmíràn á sì gba ẹrù. Mo ti ṣe é lórí tábìlì. N kò lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọwọ́ mi ti tutù. Bí mo bá fà, n kò lè yí. Bí mo bá yí, ohun tí mo fà á dẹ̀. Omi ti dé itan mi.

Màmá dìde, ó wọ́ omi wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ṣéènì náà mú láti inú, ó sì fà á mọ́ra.

"Ilé mi nìyí. O ò ní wọ̀ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, màmá." Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni mo rí i pé ọrùn àgádágodo ti le gírígírí. Òrùka àkọ́kọ́ kò yí mọ́. Mo yéé bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ kó máa fà á bẹ́ẹ̀.

"Màá wọlé," mo ní. "Màá kó ìkòkò yín lọ."

"Olè tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà." Ó túbọ̀ fà. "Apá ẹ ò lágbára. Ṣé ìyá ẹ kì í fún ẹ jẹun ni?"

"Kì í fún mi."

"Abájọ."

Òrùka àkọ́kọ́ bọ́ sí àyè rẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fi òkúta lù. Kò mira. Ọwọ́ màmá ti ń yọ̀ lára ṣéènì, mo sì mọ̀ pé bó bá jù ú sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ yín," mo wí. "Ẹ ti darúgbó."

"Ìyá ẹ ló darúgbó." Ó fi gbogbo ara fà á.

Òrùka náà yí. Ṣéènì sá wọlé, màmá fìdí jókòó sórí ibùsùn, àgádágodo já bọ́ sómi.

Mo fa ilẹ̀kùn ṣí. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ti ṣẹ́gun. Kò bú mi mọ́.

"Má pa mí," ló wí.

Mo kẹ́yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sínú omi, mo fa ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn mi, mo pọ̀n ọ́n. Kò wúwo rárá. Nígbà tí a jáde sí títì, ó sún ẹnu mọ́ etí mi.

"Ọmọ ọmọ mi kàwé," ló wí. "Yóò wá mi dé ibikíbi tí o bá gbé mi lọ."

Mo ní mo gbọ́. Mo ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lábẹ́ omi, mo ń lọ sí ọ̀nà Otokiti. N kò wo nọ́ńbà tó ṣí i.