Ibi Tí À Ń Lọ La Sàmì Sí

Bàbá ìyàwó mi ti sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó rí mi sójú rárá. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ìpọ̀nrí ni ilé wọn wà. Alárinà wa ló jíṣẹ́ fún mi: "Bàbá ní àwọn ò bèèrè ohun tí o kà tàbí ohun tí o ní. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, lọ́jọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, kí àyà rẹ ṣáà ti kan ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ ìsinsìnyí, tí wọ́n á tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ tó bọ́ sílẹ̀."

Èèyàn á ní ìyẹn ò le. Kò le lóòótọ́, fún ẹni tó bá ní ìbàdí. Tèmi ti bá iṣẹ́ lọ. Pákó ni mò ń rù níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Èbúté Mẹ́ta, láti etí omi dé ẹ̀yìn lọ́rì. Ìbàdí mi ń ro mí débi pé tí mo bá fẹ́ wọ bàtà, ògiri ni mo máa kọ́kọ́ dì mú. Tí mo bá sì rí àgbà kan lọ́ọ̀ọ́kán, mà á yára gbé pákó lérí, torí ẹlẹ́rù kì í dọ̀bálẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọlọgbọ́n ni mí: ohun tó ba ẹ̀yìn mi jẹ́ náà ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Fọ́máànù wa ló sọ fún mi pé dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ń kó àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn jọ ní ọsibítù kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ṣe ìwádìí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá eré ìdárayá lè mú ẹ̀yìn sàn. Ẹni tí ìrora rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọn ò ní fi ìdárayá dán an wò. Bẹ́ẹ̀dì onípákó ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí, á sì pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ, a kún orí bẹ́ǹṣì. Dókítà fún oníkálukú ní bébà tó fa ìlà kan ṣoṣo sí.

"Ní òsì yìí, kò sí ìrora rárá. Ní ọ̀tún yìí, ìrora tó ju gbogbo ìrora lọ. Ẹ sàmì síbi tí tiyín wà."

Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ìwáyà jókòó tì mí. Ọmọ wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn wọlé. Wọ́n wo ìlà náà, wọ́n wo dókítà.

"Dókítà, ọmọ mi, ṣé èmi ni kí n fọwọ́ ara mi fi ara mi síbi tó burú jù?"

"Rárá, màmá. Ibi tí ẹ wà lónìí ni kí ẹ fi hàn mí."

"Ibi tí mo wà, mo mọ̀ ọ́n. Ibi tí mò ń lọ ni mo máa sàmì sí."

Wọ́n tẹ bírò mọ́ òsì pátápátá. Gbogbo bẹ́ǹṣì ní, "Àmín o!"

Lẹ́yìn àmín yẹn, ta ló máa fa tirẹ̀ sọ́tùn-ún? Télọ̀ kan láti Múṣíń ti sàmì kọjá àárín kí ìyá ẹlẹ́ja tó rí i. "Ẹ pa á rẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ máa gbébẹ̀ ni?" Bírò ò ṣeé pa rẹ́. Èmi ni mo dìde, tí mo di ìbàdí mú, tí mo lọ gba bébà mìíràn wá fún un. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì fi díẹ̀ lé e. Ohun tí dókítà ń bèèrè yé mi. Síbẹ̀, òsì ni mo sàmì tèmi sí. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.

Dókítà wá ní kí n tẹ̀ síwájú, kí ọwọ́ mi kan ilẹ̀. Orúnkún ló dé. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó wo bébà mi, ó tún wo téèpù.

"O ní kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ẹ́?"

"A dúpẹ́, sà."

Ó ní láràárọ̀ kí n máa da àyà délẹ̀ lórí ẹní, kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, kí n gbé àyà sókè, kí ìbàdí má kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mò ń sá fún náà ni wọ́n sọ di oògùn. Àwọn ọmọkùnrin tí a jọ ń gbé yàrá ní Múṣíń fi mí ṣeré. "Bùrọ̀dá, ta lẹ̀ ń kí?" Ọ̀kan tiẹ̀ máa ń gbé àpótí wá jókòó síwájú mi: "Má tíì dìde o, ọmọ mi, n ò tíì súre tán."

Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, mo ń wọ bàtà láì di ògiri mú.

Nígbà tí a padà lọ, dókítà tún fún wa ní ìlà. Mo rò ó pé kò dáa kí n purọ́ fún ẹni tó ṣe mí lóore, mo bá sàmì síbi tí òótọ́ wà: àárín gan-an. Dókítà fi bébà méjèèjì síra wọn, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ó ti le sí i. Ìdárayá yìí ń pa ẹ́ lára. Bẹ́ẹ̀dì ló kàn, títí ọdún Àjíǹde á fi kọjá."

Mo rí Ìpọ̀nrí tó ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Sà, ara mi ti yá."

"Bébà ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ti àkọ́kọ́ yẹn, sà, àdúrà ni."

Ó tún wo bébà méjèèjì. "Ti àwọn yòókù ńkọ́?"

Mo wo bẹ́ǹṣì. Ìyá ẹlẹ́ja fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé lọ́jọ́ yẹn, àmì wọn ò sì kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ibo ni ì bá tún lọ?

"Gbogbo wa ni, sà."

Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn fún mi. Ó kàn kó àwọn bébà náà jọ, ó tò wọ́n dọ́gba bí ẹni pé wọ́n ṣì wúlò. "Ìyá tèmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ó yẹ kí n ti mọ̀." Ó yí sí ìyá ẹlẹ́ja. "Màmá, kí lẹ ò lè ṣe mọ́ nítorí ẹ̀yìn yín?"

"Kò sí o! Lágbára Ọlọ́run, kò sí ohun tí n ò lè ṣe!"

Bí mo ṣe ń lọ sílé, bébà tí mo gbà fún télọ̀ yẹn, tí mo fi bá a pa òótọ́ rẹ̀ rẹ́, kò kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, mo dọ̀bálẹ̀ ní Ìpọ̀nrí. Àyà mi kan ilẹ̀. Dídìde ló kù, ibẹ̀ ni ìbàdí ti dá mi dúró. Bàbá súre, wọ́n parí rẹ̀, mo ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Dìde, kí ló ṣe ẹ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Bàbá wí. "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé! Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀."

Inú wọn dùn débi pé wọ́n fẹ́ fọwọ́ ara wọn fà mí dìde. Wọ́n tẹ̀ dé ìdajì, wọ́n dúró gan-an, ọwọ́ wọn sáré lọ síbàdí.

"Ẹ̀yìn ni, sà?" Ilẹ̀ ni mo ti bèèrè.

"A dúpẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n di eyín mọ́ra. "Kò tiẹ̀ dùn mí."

Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀ bí dókítà ṣe kọ́ mi, mo gbé àyà sókè díẹ̀díẹ̀, mo dìde, mo sì gbá wọn mú jókòó. Wọ́n fún mi ní ìyàwó.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mo mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lójú ọ̀nà, mo bẹ̀ wọ́n pé tó bá bi wọ́n bó ṣe ń dùn wọ́n tó, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ òótọ́.

"Ṣé mo jọ òpùrọ́ lójú ẹ ni?"

Mo ní, "Rárá o, sà."