Apá Kìíní Nìkan Ni Mo Wò Kí N Tó Dá Bọ̀dá Kàmọ́rù Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi lónìí. Kò sẹ́ni tó pè mí lẹ́jọ́ o! Èmi ni mo pe ara mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, kò sì yéé dùn mí.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ayé ṣọ́jà la wà. Mò ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó máa ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú ìwé fíìmù ni tèmi. Bí fídíò tuntun bá ti jáde ní Àlàbá, èmi ni màá wò ó, màá sì sọ fáráyé bóyá ó dáa tàbí kò dáa. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ gidi ni! Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sáré kiri lẹ́yìn àwọn aláṣẹ, èmi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ta ló kọ́ mi ní fíìmù wíwò? Bọ̀dá Kàmọ́rù ni. Ìlaró ni bàbá tiwọn àti bàbá tèmi ti wá, ilé kan náà ni wọ́n sì jọ rẹ́ǹtì ní Igbó-Elérin. Wẹ́dà ni Bọ̀dá Kàmọ́rù, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kàràtéè nínú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Okokomáíkò. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń mú mi lọ sílé fídíò lọ wo fíìmù ìjà, tàwọn ará Ṣáínà, tàwọn ará Íńdíà. Bí gbogbo wa bá ń pariwo pé ọ̀gá fíìmù ti gbá ẹnì kan nípàá, Bọ̀dá Kàmọ́rù á tẹ̀ sí mi létí, wọ́n á ní, kí ló dé tó fi gbá a? Ẹ wo ìbéèrè! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, ìpàá yẹn nìkan ni mo rí.

Ìyàwó wọn, Ìyá Sùlé, jù mí lọ dáadáa. Síbẹ̀, torí pé mo ti wà nínú ilé kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, Ìyá Sùlé ò pe orúkọ mi rí. Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pè mí. Ẹ mọ bí àwọn ìyàwó wa ṣe máa ń ṣe sí ọmọ ilé, ì báà jẹ́ ọmọ àná.

Nígbà tó yá, Bọ̀dá Kàmọ́rù ní àwọn náà máa ṣe fíìmù ìjà, pé ṣé àwọn ará Ṣáínà nìkan ló ní ẹsẹ̀ ni? Wọ́n kọ ìtàn náà fúnra wọn, àwọn náà ni wọ́n ṣe ọ̀gá inú rẹ̀. Ìtàn Sájẹ́ǹtì kan ni, tó ti bárékè dé sí àdúgbò rẹ̀, tó wá ń bá àwọn adigunjalè tó ń dààmú àwọn èèyàn jà.

Aṣọ ṣọ́jà ńkọ́? Nígbà yẹn, aráàlú ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bọ̀dá Kàmọ́rù ra kákí, wọ́n ní kí aláró kan bá àwọn rẹ ẹ́ sínú aró kó lè ní àwọ̀ ewé, wọ́n wá gbé e lọ bá télọ̀ kan ní Ìbà. Wọ́n ní kó gbé àpò rẹ̀ síbòmíì, kó má bàa jọ tàwọn ṣọ́jà gan-an. Èmi ni mo bá wọn lọ. Èmi ni mo tiẹ̀ ṣa bọ́tìnnì rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ayé fídíò kásẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Kásẹ́ẹ̀tì kan kì í gbé ìtàn tán. Apá Kìíní á dé ibi tó ti dùn jù, á já wálẹ̀ gbì, wọ́n á ní ká máa retí Apá Kejì. Tó bá tó oṣù kan tàbí méjì, ìyókù á dé. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mò ń jẹun nídìí ẹ̀ ló yẹ kí n mọ̀ ọ́n jù.

Apá Kìíní jáde, mo wò ó. Ìjà inú ẹ̀ dùn! Bọ̀dá Kàmọ́rù fo fẹ́ǹsì, wọ́n fẹsẹ̀ kan ṣoṣo gba ìbọn lọ́wọ́ olè. Ṣùgbọ́n ibi tó parí sí ló bí mi nínú. Jẹ́nẹ́rà kan lẹ àmì ẹ̀yẹ mọ́ Sájẹ́ǹtì láyà, Sájẹ́ǹtì gbápá sókè kí i, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ó tán. Háà! Ṣé lásìkò tí ṣọ́jà ń ti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn pa, tí wọ́n ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sí àtìmọ́lé, la ó wá máa pàtẹ́wọ́ fún Jẹ́nẹ́rà?

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Kàmọ́rù lọ. Mo bá oníbàárà méjì níbẹ̀, ará Navy Town, bárékè àwọn ọmọ ogun ojú omi, ni àwọn méjèèjì, wọ́n wá wo géètì tí wọ́n ní kí Bọ̀dá Kàmọ́rù bá àwọn ṣe. Mi ò kíyè sí wọn. Mo bi Bọ̀dá Kàmọ́rù pé kí ló dé tí wọ́n ń yin ṣọ́jà bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Kàmọ́rù wo àwọn oníbàárà, wọ́n wá wò mí.

"Dúpẹ́, ní sùúrù. Jẹ́ kí Part Two jáde ná."

"Kí ló wà nínú Part Two, Bọ̀dá?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní kó o ní sùúrù."

Wọ́n fa awò dúdú wọn bojú, wọ́n ń jó irin wọn lọ. Mo rò pé ìbéèrè mi ni wọ́n ń sá fún. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó lè jẹ́ torí àwọn tó dúró tì wá. Àbí ẹ ò rí òpè!

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, olóòtú wa ti wo fíìmù náà. Èèyàn dáadáa ni olóòtú wa o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sùn sí àtìmọ́lé torí òtítọ́. Wọ́n ní fíìmù ìjọba ni, kí n má ṣàánú rẹ̀ rárá. Mo ní Apá Kejì ń bọ̀. Wọ́n ní ta ló ráyè Apá Kejì, pé lásìkò tá a wà yìí, ẹni tí kò bá sí lẹ́yìn wa, ẹ̀yìn wọn ló wà. Mo ní mo mọ ẹni tó ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí n kọ ọ́, káwọn èèyàn má bàa sọ pé mò ń gbè sẹ́yìn ará ilé mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mò ń ṣojúsàájú, ni mo bá lọ ṣe ojúsàájú tó ga jù!

Mo kọ ọ́. Mi ò kọ irọ́ síbẹ̀, ohun tí mo fi ń tan ara mi nìyẹn. Ìbéèrè ni mo kọ: Ta ló fún àwọn tó ṣe fíìmù yìí ní aṣọ ṣọ́jà? Èmi tí mo ṣa bọ́tìnnì! Mo mọ télọ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti ra kákí, mo sì kọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Olóòtú wa mú ìbéèrè náà, wọ́n fi ṣe àkọlé gàdàgbà-gadagba lójú ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ tún wá gbọ́ o. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn míì, tó jẹ́ tàwọn tó ń jẹun lábẹ́ ìjọba, yin fíìmù náà dé ojú ọ̀run. Wọ́n ní ó fi hàn pé ṣọ́jà nìkan ló lè tún ìlú ṣe. Àwọn náà ò tíì wo Apá Kejì! Àwa bú u torí ṣọ́jà, àwọn yìn ín torí ṣọ́jà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe jà, kò sẹ́ni tó sọ bóyá ìtàn rẹ̀ lórí tàbí kò lórí. Ìyìn tiwọn ló wá jẹ́ kí èébú tiwa dà bí òtítọ́.

Ní Okokomáíkò, àwọn kan fi ẹrẹ̀ kun ojú Bọ̀dá Kàmọ́rù lára pósítà. Tí Bọ̀dá Kàmọ́rù bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọ á máa kígbe "Ọmọ Jẹ́nẹ́rà!" tẹ̀ lé wọn. Àwọn òbí yọ ọmọ wọn kúrò níbi kàràtéè títí tó fi ku ọmọ mẹ́rin. Mákẹ́tà wọn ní Àlàbá, ìyẹn ẹni tó ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì wọn jáde tó sì ń tà á, gbé kásẹ́ẹ̀tì Apá Kejì padà wá fún wọn láì wò ó.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," ó ní. "Àwọn kọ́sítọ́mà ti sọ pé fíìmù ìjọba ni. I no fit put am for shop again."

Bẹ́ẹ̀ ni Apá Kejì ò ṣe jáde. Ẹ ti rí i pé mi ò dárúkọ fíìmù náà látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá ní Apá Kìíní nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyókù, kò sì ní rí i.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Bọ̀dá Kàmọ́rù ò bú mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo bá wọn, wọ́n jókòó, wọn ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, "Dúpẹ́, ṣebí ìwọ lo ṣa bọ́tìnnì yẹn." Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi!

Mo sá lọ bá Ìyá Sùlé nínú ilé, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi bẹ ọkọ wọn.

"Dúpẹ́, dìde kó o máa lọ."

Dúpẹ́! Ìyàwó ilé fẹnu ara ẹ̀ pe orúkọ mi gbàgà. Ẹni tó bá mọ àṣà wa máa mọ̀ pé wọ́n ti lé mi jáde nínú ẹbí nìyẹn. Mo sunkún títí mo fi dé yàrá tí mò ń gbé ní Ìbà.

Bọ̀dá Kàmọ́rù ò ṣe fíìmù mọ́. Irin ni wọ́n ń jó lọ ní tiwọn. Bí a bá pàdé lọ́nà Ọjọ́, wọ́n á dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn, wọ́n á sì máa lọ. Kí ṣọ́jà tó gbé ìjọba fún alágbádá, wọ́n ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é. Mi ò lè sọ pé èmi ni mo pa wọ́n. Mi ò sì lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́.

Lọ́jọ́ fídáù, nígbà tí àwọn Àlùfáà ti ṣàdúà tán lọ́sàn-án, Ìyá Sùlé pè mí sínú yàrá. Wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì Apá Kejì sẹ́nu ẹ̀rọ.

"Jókòó," wọ́n ní. "Wo ohun tó o pa."

Àwòrán ẹ̀ ti ń fà, ohùn ẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Mo rí Jẹ́nẹ́rà tó ní kí Sájẹ́ǹtì yìnbọn fún àwọn aráàlú tó ń wọ́de. Sájẹ́ǹtì tú àmì ẹ̀yẹ kúrò láyà, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jẹ́nẹ́rà, ó ní òun ò ní yìn. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí irú ẹ̀ rí! Òun nìkan láàárín àwọn ṣọ́jà ẹgbẹ́ ẹ̀, ó ń jà, ó sì ń ṣọ́ ara ẹ̀ kó má pa ìkankan nínú wọn.

Ọmọbìnrin oníròyìn kan wà níbẹ̀ tó ń wo gbogbo ẹ̀. Sájẹ́ǹtì fi ara ẹ̀ bò ó dé ẹnu géètì. Ó ní, "Sá lọ, Dúpẹ́. Kọ ohun tó o rí." Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Sájẹ́ǹtì. Ọmọbìnrin náà lọ kọ ọ́, gbogbo ìlú sì kà á.

Dúpẹ́ ni wọ́n sọ ọmọbìnrin náà. Orúkọ mi!

Mo ké tóó. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Ìyá Sùlé ní ṣé kí wọ́n máa kígbe ẹ̀ níṣojú àwọn oníbàárà Navy Town ni? Wọ́n ní Bọ̀dá Kàmọ́rù ti ṣe Apá Kìíní bẹ́ẹ̀ kí ó lè gba ojú ìjọba kọjá, pé kò sì sí ẹni tó ń wù wọ́n kó wo Apá Kejì bí kò ṣe èmi. Ìyá Sùlé náà wá bú sẹ́kún.

Mo délé, mo kọ̀wé lórí Apá Kejì. Mi ò kọ ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Olóòtú wa kà á, ojú wọn pọ́n. Wọ́n wá ní ó dáa, àmọ́ kò sí fíìmù náà lọ́jà, ẹni tó ṣe é ti kú, ṣọ́jà sì ń lọ, ta ló fẹ́ kà á? Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Oṣù yẹn ni mo fi ojú ìwé fíìmù sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi wá ńkọ́, tí mo gbọ́ ìdajì ẹjọ́ ẹnìkan? Kò burú kí èèyàn ní ibi tó fì sí nínú òṣèlú. Èmi náà ní, mo ṣì ní in títí dòní. Ṣùgbọ́n bó o bá ti mọ ibi tó o máa dájọ́ sí kó o tó wo iṣẹ́ oníṣẹ́, kí lo tún fẹ́ fi ojú rí?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti dá lẹ́jọ́ rí torí ẹ̀yìn ẹni tẹ́ ẹ rò pé ó wà? Ẹ sọ ọ́ fún wa síbí, ẹ má tijú, mo ti sọ tèmi. Àmọ́ bí onítọ̀hún bá ṣì wà láyé, ẹ má tíì kọ ọ́ fún mi o. Ẹ kọ́kọ́ dìde, kẹ́ ẹ lọ bá a nílé ẹ̀. Èmi ò rílé kankan lọ mọ́.